Ọ̀rẹ́ Tó Bá A Wá Fọ Mọ́tò

Bàbá mi ò ní oko ní Abidjan. Ohun tó ní ni ṣọ́ọ̀bù kan ní Adjamé níbi tó ti ń ta abọ́ àti ike, ilé tí a ń gbé ní Marcory, àti Mercedes 190 kan tó ti wà kí wọ́n tó bí mi. Búlúù tó sún mọ́ dúdú ni mọ́tò náà, Bàbá sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé orogún òun ni Màmá máa ń pè é. Nítorí náà, nígbà tí Faïçal ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fẹ́ mi, tí Bàbá ní kó kọ́kọ́ wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí oko wà. Mọ́tò ni oko.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi Kadidja ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wá kun ògiri ilé wa, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé kan tí kò wu ẹnikẹ́ni, ó sì wà lára ògiri títí di òní. Ojoojúmọ́ ni mo ń jí rí i. Bàbá ò ráhùn rí. Kì í ṣe ògiri ló ń wò lọ́jọ́ náà, ọ̀rẹ́ tó bá ọkọ ọmọ rẹ̀ wá ló ń wò.

Bí wọ́n ṣe ṣe é fún òun náà nìyẹn. Nígbà tí Bàbá fẹ́ fẹ́ Màmá ní Ọ̀yọ́, òun àti Lìádì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n lọ kọ ebè fún bàbá Màmá. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, bàbá àgbà yíjú sí Lìádì, ó ní kó sọ irú ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, Lìádì ni òun máa ránṣẹ́ pè bí ìjà bá dé. Ìjà sì dé. Nígbà tí Bàbá àti Màmá ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, Lìádì wọ ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ títí dé Abidjan, ó jókòó sáàárín wọn, kò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Lìádì ti di olóògbé báyìí, síbẹ̀ bí Bàbá bá gbé ohùn sókè jù nínú ilé, Màmá á ní òun ń lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun Lìádì.

"Kó mú ọ̀rẹ́ tó sún mọ́ ọn jù dání," Bàbá sọ fún mi. "Ẹni yẹn ni mo máa pè lọ́jọ́ tí ẹ bá ń jà."

Mo sọ ọ́ fún Faïçal bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo tún fi Faransé sọ ọ́ kó má baà ní òun ò gbọ́. Abidjan ni wọ́n bí Faïçal sí. Sakété ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ sọ ọ́, ṣe ló máa ń dà bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta láìwọ bàtà. Iléeṣẹ́ adójútòfò kan ní Plateau ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì lọ́rẹ̀ẹ́ rẹpẹtẹ níbẹ̀, àwọn ọkùnrin tí bàtà wọn máa ń dán tí wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ sókè nílé oúnjẹ. Mo béèrè èwo nínú wọn ló máa mú wá. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ti rí ẹnì kan.

Ó rí ẹnì kan. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ti mú mi fura.

Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, èmi àti Màmá wà ní ilé ìdáná, à ń fi iyọ̀ àti ata pa ẹja lára, nígbà tí mọ́tò Faïçal wọlé. Fèrèsé ilé ìdáná wa kọjú sí àgbàlá, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níta tí a kì í rí. Faïçal kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ wá fọ mọ́tò wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó sì lọ̀ ọ́ dáadáa. Mo ti fẹ́ máa bínú nítorí ìyẹn kí n tó rí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Mo mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tó ń fọ mọ́tò ní Siporex ni, lẹ́yìn ilé Faïçal. Ọ̀pọ̀ Sátidé ni mo ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, tí mò ń mu bísáàpù, tí òun ń fọ mọ́tò Faïçal níwájú mi. Mo ti jókòó sínú mọ́tò náà rí, tí mo gbé ẹsẹ̀ sókè kó lè fa kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀ jáde. Lónìí, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ní kọ́là, èyí tí mo mọ̀ pé ti Faïçal ni torí èmi ni mo rà á.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ yé mi lójú ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Mo lè jáde, kí n fa Faïçal sẹ́yìn ilé, kí n ní kó máa lọ, kó padà wá lọ́jọ́ tó bá ní ọ̀rẹ́. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bóyá ọjọ́ náà máa lọ láìsí wàhálà. Mo fẹ́ lọ sílé ọkọ, ògiri aláwọ̀ ewé yẹn ti sú mi. Mo ń bá ẹja lọ.

Bàbá ti wà lórí àga rẹ̀ níwájú ilé, ó wọ jalabíà rẹ̀ tó mọ́. Faïçal tẹ̀ ba díẹ̀, ó na ọwọ́ kan kan ilẹ̀, irú ìdọ̀bálẹ̀ tí àwọn ọmọ Plateau máa ń ṣe kí aṣọ wọn má baà dọ̀tí. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lóṣòó tán pátápátá.

"I ni sogoma, Baba," ó sọ.

Ojú Bàbá tú ká. Ẹni bá ti tajà pẹ́ ní Adjamé bíi tirẹ̀ ti gbọ́ Júlà, èdè ọjà ibẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bí sí i, inú rẹ̀ sì máa ń dùn bí ọ̀dọ́ kan bá kí i báyẹn. Ó dáhùn, ó béèrè ilé, ó béèrè ìyá, ó béèrè ara. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Faïçal.

"Ta nìyí?"

"C'est mon frère, Bàbá. Ọ̀rẹ́ mi ni."

"Ó dáa. Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Faïçal la ẹnu. Ó wo ọkùnrin náà bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́. Kò pẹ́, kò ju kéèyàn gbé itọ́ mì lọ, ṣùgbọ́n mo rí i.

"Djibril, Baba," ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ dáhùn.

Ohun tó kọ́kọ́ dójú tì mí lọ́jọ́ náà nìyẹn, kì í sì í ṣe nítorí Faïçal nìkan. Èmi náà tí mo wà lẹ́yìn fèrèsé, etí ni mo na láti gbọ́ orúkọ náà. "Petit", ọmọdé, ni Faïçal máa ń pè é. "Chef", ọ̀gá, ni èmi máa ń pè é. Pẹ̀lú gbogbo Sátidé tí mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, kò ṣe mí rí bíi kí n béèrè.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Faïçal gbé rọ́bà omi, ó fẹ́ kọjú rẹ̀ sí òrùlé mọ́tò. Djibril rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àwọn rímù ni wọ́n máa kọ́kọ́ fọ̀, torí ibẹ̀ ló dọ̀tí jù, bí wọ́n bá sì fi wọ́n ṣe kẹ́yìn, ìdọ̀tí wọn á ta padà sára ibi tí wọ́n ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì kalẹ̀. Ọ̀kan wà fún rímù àti táyà, èkejì fún ara mọ́tò, fóòmù ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ wọ inú èkejì. Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń fi ọwọ́ hàn án.

"Patron, celui-là c'est pour..."

Bàbá gbé orí sókè. "Patron kẹ̀? Ọ̀gá?"

"Bí a ṣe máa ń pe ara wa nìyẹn, Bàbá," Faïçal sọ, ó rẹ́rìn-ín. "C'est pour s'amuser, eré ni."

Bàbá fi orí dá a lóhùn pé ó dáa. Ó gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Inú rẹ̀ ń dùn ni, ẹni tí inú rẹ̀ bá sì ń dùn kì í bi èèyàn ní ìbéèrè tó pọ̀.

Kí n má purọ́, iṣẹ́ náà dùn-ún wò. Djibril da ọṣẹ sí rímù àkọ́kọ́, ó fi búrọ́ọ̀ṣì tó rí bíi ti eyín wọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, eruku dúdú tó ń ti ara bíréèkì jáde sì ń ṣàn sílẹ̀ bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò. Nígbà tó da omi sí i, rímù náà funfun, ó ń kọ mànà. Mi ò mọ̀ pé àwọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Bàbá dìde kúrò lórí àga, ó lọ bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó pe Màmá kó wá wo orogún rẹ̀ bó ṣe ń tún bàtà wọ̀. Màmá rẹ́rìn-ín, ó jáde tòun ti ata lọ́wọ́. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ti ń ro aṣọ tí mo máa dá.

Nígbà tó yá, Bàbá wọlé wá yẹ ẹja wò, ó fẹ́ rí i dájú pé orí tó tóbi jù nínú wọn wà fún àlejò. Djibril wà lẹ́yìn mọ́tò, ó dojú kọ rímù tó kù. Faïçal nìkan ló wà níwájú. Mo rí i tí fóòmù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ṣubú sínú yanrìn. Ó mú un, ó tì í bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó sún mọ́ ọn, bọ́kẹ́ẹ̀tì rímù sì ni. Lẹ́yìn náà ló gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ń fi gbogbo agbára fà á, torí ó fẹ́ kí ibi tí òun fọ̀ pọ̀ kí Bàbá tó jáde.

Nígbà tí omi ṣàn kúrò, oòrùn tàn sí i. Gbogbo àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ha. Ó rí bí ibi tí adìyẹ ti tàn.

Faïçal dúró, ó ń wò ó. Djibril wá, ó wò ó, ó gba fóòmù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, yanrìn ń bọ́ nínú rẹ̀. Fóòmù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Bàbá jáde. Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé àwọn ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò pariwo.

"Ta ló ṣe èyí?"

Mo dúró. Mo rò pé Faïçal máa sọ̀rọ̀. Mo tilẹ̀ ti mọ bó ṣe máa sọ ọ́, mo ti ń bá a to Yorùbá rẹ̀ nínú ọkàn mi.

"Èmi ni, Baba," Djibril sọ ní Júlà. "Yanrìn wà nínú fóòmù, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ forí jì mí."

Faïçal ń wo táyà.

Mo rí gbogbo rẹ̀. Fèrèsé ò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ síbi tí wọ́n wà. Mo lè na ọrùn jáde kí n ní "Bàbá, òun kọ́." Ìtìjú mú mi débi pé mo yí ẹja tí kò tíì tó yí padà, awọ rẹ̀ sì ya mọ́ ìdí páànù. Màmá wò mí.

"Kò burú," Bàbá sọ. "Irin ni. Kì í ṣe orí èèyàn." Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, ó sì dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì náà pẹ́ kó tó padà sórí àga. Djibril mú agolo kékeré kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó fi aṣọ rírọ̀ bu ohun tó wà nínú rẹ̀, ó ń fi í pa àwọn ìlà náà róbótó róbótó. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ fún ohun tí kò ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ọ̀kan tó jìn kò lọ.

A gbé oúnjẹ kalẹ̀ lábẹ́ ìbòòji. Àtíẹ́kẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe ni, pẹ̀lú ẹja díndín, àlùbọ́sà àti ata tútù. Bàbá fúnra rẹ̀ gbé orí ẹja sí iwájú Djibril. Mo kúnlẹ̀ gbé omi fún wọn.

"Merci, Tantie," Djibril sọ, bí ẹni tí kò rí mi rí. Ìyẹn náà wọ̀ mí lára. Ó ti wojú mi láti àárọ̀, ó sì ti mọ ohun tí mo fẹ́.

Bàbá jẹ díẹ̀, ó nu ẹnu, ó yíjú sí i. Júlà ló ń sọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló gbọ́ ọ.

"Djibril, ọmọ mi, láti òní lọ, ìwọ ni mo máa ránṣẹ́ pè bí ọkọ àti ìyàwó yìí bá ń jà. Sọ fún mi. Irú èèyàn wo ni ọ̀rẹ́ rẹ?"

Djibril wo Faïçal. Mo rí i pé Faïçal ò sọ apá yìí fún un. Lójú Faïçal, fífọ mọ́tò ni ọ̀wẹ̀, nígbà tí mọ́tò bá sì mọ́, ọ̀rọ̀ ti tán.

"Baba, oúnjẹ yín ni mò ń jẹ, mi ò ní parọ́ lórí rẹ̀," Djibril sọ. "Ohun tí mo mọ̀ ni mo máa sọ. Mi ò bá ìgò ọtí lábẹ́ ìjókòó mọ́tò rẹ̀ rí. Bisikíìtì ni mo máa ń bá níbẹ̀, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó máa ń gbé lọ sílé ìwé. Irun obìnrin máa ń wà lórí ìjókòó, ṣùgbọ́n irun ẹnì kan ṣoṣo ni. Kì í pariwo mọ́ èèyàn. Bí òjò bá dé, ó máa ń ní kí n wọnú mọ́tò kí n dúró."

Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ká ní àwọn ọlọ́bàtà dídán yẹn ló wá, kò sí èyí tó máa lè jẹ́rìí Faïçal báyẹn. Inú mi fẹ́ dùn. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé Bàbá ò jẹun mọ́.

"Kí ló gbé ọ dé abẹ́ ìjókòó mọ́tò rẹ̀?"

Djibril da àtíẹ́kẹ́ ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́. "Èmi ni mo máa ń fọ̀ ọ́, Baba. Ní Siporex."

Mi ò mọ̀ títí di òní bóyá ó gbàgbé ara ni, tàbí irọ́ náà ti sú u.

Bàbá kọjú sí Faïçal. "Ṣé ọ̀rẹ́ rẹ ni?"

Faïçal ń fi ìka da àtíẹ́kẹ́ iwájú rẹ̀ rú.

"Tu l'as payé?" Ó fẹ́ mọ̀ bóyá owó ló san fún un. Bàbá kì í sọ Faransé nínú ilé. Bó bá sọ ọ́, kó lè yé gbogbo ayé ni.

"Oui, Bàbá."

"Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ dà?"

"Bàbá, mi ò... j'ai pas pu. Mi ò lè sọ fún wọn. Ojú ń tì mí."

"Kí ló ń tì ọ́ lójú? Mọ́tò mi?"

Faïçal tẹrí ba. Ibẹ̀ ló ti dùn mí jù. Kò sí ọ̀rẹ́ tó kọ̀ láti bá a wá, torí kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò fẹ́ kí wọ́n rí ilé wa ni, àti ògiri wa, àti bàbá mi tó ń ta abọ́. Mo fẹ́ gbójú sókè kí n fi ojú bú u. Ṣùgbọ́n Bàbá ti pè mí.

"Wàsílátù. Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí, Bàbá."

Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Ohun tó bi mí ni bóyá mo mọ̀ pé wọ́n háyà ọkùnrin náà. Èmi sì sẹ́ ọkùnrin náà pátápátá, ó jókòó níwájú mi, oúnjẹ tí mo sè wà lẹ́nu rẹ̀. Kò mọ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gbọ́ ohùn yẹn tí kò ní yé. Ó gbójú sókè, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó tún tẹrí ba. Lẹ́yìn náà, ó fọ ọwọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá, ó ní òun ń lọ. Orí ẹja rẹ̀ wà nínú abọ́ bí wọ́n ṣe gbé e fún un.

Màmá ní kí n sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Mo tẹ̀ lé e, mò ń wá ohun tí mo máa sọ. Nígbà tí a dé ẹnu géètì, ó ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó mú bébà kan tó ká jáde, ó ṣí i. Yẹtí mi ni. Yẹtí wúrà tí Màmá fún mi, tí mo ti wá títí tó ti sú mi.

"Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì mọ́tò ló bọ́ sí, Tantie," ó sọ ní Faransé. "Mo ti fẹ́ fún yín láti àárọ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ ò fẹ́ ká mọra." Kò bínú. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Y a pas drap."

Drap ni àwọn ọmọ Abidjan ń pe ìtìjú. Ó ní kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ó gbé àpò rẹ̀ lé èjìká, ó sì kọrí sí ọ̀nà ńlá.

Mo padà wọlé. Bàbá dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí ìlà tó kù. Faïçal dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eruku bíréèkì ti kun ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà. Mo kúnlẹ̀ sínú omi tó wà nílẹ̀, mo ṣí ọwọ́ kí Bàbá lè rí yẹtí náà.

"Bàbá, mo mọ̀ ọ́n. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Òun ló bá mi rí yẹtí mi. Kì í ṣe òun ló ha mọ́tò yín, mo wà ní fèrèsé."

"Èmi ni, Bàbá," Faïçal sọ. Yorùbá yẹn jáde gaara, kò kọsẹ̀.

Bàbá ò bú wa. Ká ní ó bú wa ni, ara ìbá tù mí. Ó wo abọ́ tó wà lábẹ́ ìbòòji.

"Àlejò mi ò tíì jẹun tán," ó sọ. "Ẹ lọ pè é padà. Ẹ̀yin méjèèjì."

A sáré. Mi ò rò pé mo ti sáré báyẹn ní Marcory láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé. Ìyá Rakiatou tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá ọ̀nà dìde dúró láti wò wá, aṣọ mi rin láti orúnkún dé ìsàlẹ̀, Faïçal dúdú bí ẹni tó ti inú èédú jáde. Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà, bọ́ọ̀sì gbáka tó ń lọ Adjamé ti dúró, Djibril ti gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn rẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀. Faïçal náà pè é, ó pè é sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ fi yọjú. Djibril sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ọkọ̀ bú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì lọ.

"Èmi ni mo ba mọ́tò yẹn jẹ́, mo sì jẹ́ kí o gbà á sórí ara rẹ," Faïçal sọ fún un. "Pardon."

"Ṣebí mo wà níbẹ̀," Djibril sọ.

"Má pè mí ní patron mọ́."

"Mi ò tíì pè yín ní nǹkan kan níbí."

Èmi náà bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé mo sẹ́ ẹ, pé ohun tí mo sọ fún bàbá mi nìyẹn. Ó ní òun gbọ́. Ó wo ọ̀nà, gbáka míràn ò tíì dé. "Ẹja màmá yín dùn," ó sọ. A jọ rìn padà.

Bàbá dúró títí Djibril fi jẹ orí ẹja náà tán, tó fa egungun rẹ̀, tó fọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló tún bi í léèrè, ohùn rẹ̀ tutù.

"Djibril, ṣé ọ̀rẹ́ rẹ ni?"

Djibril wo Faïçal láti orí dé ẹsẹ̀, bó ṣe máa ń wo mọ́tò kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Kò tíì dé ibẹ̀, Baba."

"Ó dáa," Bàbá sọ. "Lọ́jọ́ tó bá dé ibẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì padà wá yọ ìlà tó kù lára bọ́nẹ́ẹ̀tì mi. Ọjọ́ yẹn la máa sọ̀rọ̀ ìyàwó." Ó dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Faïçal fẹ́ béèrè ìgbà tí ìyẹn máa jẹ́. Ó wò mí, kò béèrè. Ta ni a fẹ́ bi?

Ìlà náà ṣì wà lórí mọ́tò. Bàbá ń gbé e lọ sí Adjamé bẹ́ẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí Sátidé bá dé, Faïçal kì í jókòó sórí bẹ́ǹṣì mọ́ ní Siporex, ó máa ń ká ṣòkòtò sókè ni, tí òun àti Djibril á jọ máa fọ rímù. Àwọn ọlọ́bàtà dídán ti kọjá níbẹ̀, wọ́n sì rí i. Ní Sátidé mìíràn, Faïçal àti Djibril máa ń jọ rẹ́rìn-ín. Ní òmíràn, Djibril ò ní sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, Faïçal á sì padà sílé láìlè sọ ohun tó fà á. Èmi náà máa ń lọ. Mo máa ń kí i, mo máa ń pe orúkọ rẹ̀, ara mi ò sì tíì balẹ̀ níwájú rẹ̀ títí di òní.

Kadidja pè mí lórí fóònù lánàá. Ó fẹ́ mọ ọjọ́ ìgbéyàwó, kó lè wá aṣọ rà. Mo ní ẹnì kan là ń dúró dè. Ó béèrè ẹni náà, mo ní Djibril ni. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Mo ní èmi náà ò tíì mọ̀ ọ́n.